Orúkọ Tí A Kò Kà Lórí Ẹ̀rọ: Kútúbà Lórí Ẹni Tí A Fẹ̀sùn Kàn Tí A Kò Tíì Gbẹ́jọ́ Rẹ̀

KÚTÚBÀ KÌN-ÍN-NÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí ó hàn àti ohun tí ó pamọ́, Ọba tí kì í ṣe àbòsí fún ẹrú Rẹ̀ kan. A ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀, a sì ń sá di Í kúrò níbi aburú ahọ́n wa àti aburú ọwọ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń rọ ara wa, a sì ń rọ ẹ̀yin náà, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú ohun tí a ń ṣe àti nínú ohun tí a ń sọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, kí ládàánì tó pe ìrun, àwọn kan láàárín wa mú ìwé pélébé kan wá bá wa. Orúkọ ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí fóònù ẹni tí ó mú ìwé náà wá. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án wúwo gan-an: wọ́n ní ó fọwọ́ ìbàjẹ́ kan ọmọdé kan. Wọ́n ní kí a ka orúkọ náà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn ìrun, kí gbogbo Agbóyì lè mọ̀ ọ́n.

A kò kà á. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń tọ̀ wá wá. Àwọn kan ní àwa àlùfáà ń bo ọ̀daràn. Àwọn kan ní bí ó bá ṣe ọmọ tiwa ni, a kì bá tí dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n a kò bínú sí ẹni tí ó sọ ọ́, nítorí ẹni tí a bá ṣe ọmọ rẹ̀ ní aburú kì í wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìdí tí a fi ṣe ohun tí a ṣe. Ìdí náà ni kútúbà ti òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí: ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá kí ìwé yẹn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa gan-an ni a bá àwọn òbí ọmọ náà wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Kétu ní ọjọ́ tí wọ́n lọ fi ẹjọ́ sùn. Orúkọ tí a kò kà lórí ẹ̀rọ, a ti sọ ọ́ níbi tí ó yẹ kí a sọ ọ́, ní ohùn rara, láìfi ohunkóhun pamọ́. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá kí a sọ̀rọ̀ tàbí kí a dákẹ́ ni ohun tí ó wà láàárín àwa àti ẹ̀yin. Ẹni tí ó yẹ kí a sọ ọ́ fún, àti àkókò tí ó yẹ kí a sọ ọ́, ni.

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti tó díẹ̀ nínú wa kò ní ṣàì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní mọ́sáláṣí yìí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja kan pòórá ní èbúté ní òru. Ẹnìkan wá sọ pé òun rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí-báyìí nítòsí ọkọ̀ náà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò purọ́. Ó rí i ní tòótọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a gbé ẹ̀rọ, a dárúkọ ọmọ náà, a ní kí ẹni tí ó bá rí i mú un wá. Ẹ mọ bí ohùn ẹ̀rọ wa ṣe ń rìn lórí omi ní àárọ̀. Kí oòrùn tó là dáadáa, wọ́n ti lù ú, wọ́n ti fa aṣọ rẹ̀ ya. Bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì jáde ní ibòmíràn, a sì rí i pé ọmọ iṣẹ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó gbé e tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a dárúkọ ń lọ wo àwọ̀n bàbá rẹ̀ lásán ni ní òru ọjọ́ yẹn.

A tún gbé ẹ̀rọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a sọ òtítọ́, a sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ní Àsùbáà kọ́ ni ó gbọ́ ti èkejì. Àwọn mìíràn tí ó gbọ́ méjèèjì ní kò sí èéfín láìsí iná. Ọmọ náà kó kúrò nílùú. Ìyá rẹ̀ kò bá wa jà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn dẹ́kun wíwá sí mọ́sáláṣí yìí ni. Ó máa ń wọ ọkọ̀ kọjá sí òdìkejì omi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti lọ kírun ní ibòmíràn, títí tí ó fi dàgbà tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ wá bá wa, ìyá náà ni a máa ń rántí.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, kì í ṣe ìrírí wa nìkan ni a dúró lé. Nínú Súúrà Al-Hujurat, ní áyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé bí ẹni tí a kò lè fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ dájú, kí a má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn kan ní aburú kí a sì wá kábàámọ̀. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe mẹ́nu ba àbámọ̀ níbẹ̀. Àbámọ̀ ni ohun tí ó máa ń kù lọ́wọ́ ẹni tí ó kánjú, kò sì sí ẹni tí ó lè fi í tún ohun tí ó ti bàjẹ́ ṣe.

Ìtàn kan tún wà lẹ́yìn Súúrà An-Nisa, láti áyà 105 lọ, tí ó yẹ kí a máa sọ fún ara wa nígbà gbogbo. Àwọn olùtumọ̀ Al-Kùránì ròyìn pé ọkùnrin kan nínú àwọn tí ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí ní Mẹdínà jí ẹ̀wù ogun aládùúgbò rẹ̀. Inú àpò ìyẹ̀fun ni ẹ̀wù náà wà, àpò náà sì lu, ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ bí ó ṣe ń gbé e lọ. Ó gbé e sí ilé Júù kan. Nígbà tí wọ́n tọ ipa ìyẹ̀fun, ilé Júù náà ni ó gbé wọn dé. Àwọn ará ilé olè wá bá Ànábì, wọ́n gbèjà ẹni wọn, wọ́n sì ti ẹ̀bi sọ́rùn Júù náà. Ẹ̀rí wà nílẹ̀, ẹlẹ́rìí pọ̀, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. Ọlọ́hun sọ àwọn áyà kalẹ̀ láti wẹ Júù náà mọ́, Ó sì kìlọ̀ fún Ànábì Rẹ̀ pàápàá pé kí ó má ṣe di alágbàwí fún àwọn oníjàǹbá. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ ní Mẹdínà, nígbà tí ìránṣẹ́ Ọlọ́hun wà láàárín wọn, kí ni àwa ní Agbóyì fi ń fọwọ́ sọ̀yà pé ipa ìyẹ̀fun tí àwa ń tọ̀ kò lè ṣì wá lọ́nà?

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ ìyá wa Aisha, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ sọnù lójú ìrìn àjò, àwọn ọmọ ogun gbéra láìmọ̀ pé ó ti sọ̀kalẹ̀, Safwan sì bá a ní ẹ̀yìn, ó mú un dé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n fún bí oṣù kan ni ọ̀rọ̀ náà fi wà lẹ́nu àwọn ará Mẹdínà. Ohun tí ó máa ń yà wá lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé òun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Àìsàn ń ṣe é, kò sì mọ nǹkan kan, títí tí ìyá Mistah fi fi aṣọ rẹ̀ kọ lẹ́sẹ̀ ní òru ọjọ́ kan tí ó sì ṣépè fún ọmọ ara rẹ̀. Ìgbà náà ni Aisha tó mọ̀ pé orúkọ òun ti di ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu. Mistah tí ó wà nínú àwọn tí ó tan ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀tá. Ìbátan Abu Bakr ni, Abu Bakr sì ni ó ń bọ́ ọ. Kí ni Ànábì ṣe ní gbogbo oṣù náà? Ó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó sún mọ́ ọn lẹ́nu wò ní kọ̀rọ̀, ó bi ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé léèrè, ó sì dúró. Kò dá aya rẹ̀ lẹ́bi, kò sì tìtorí pé aya òun ni kí ó kọ̀ láti wádìí. Nígbà tí Súúrà An-Nur sọ̀kalẹ̀, àwọn tí ó fi ahọ́n gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn láìní ìmọ̀ ni Ọlọ́hun bá wí. Ó ní wọ́n kà á sí ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ ohun ńlá ni lọ́dọ̀ Òun.

Ẹnìkan lè sọ pé irọ́ ni ti Aisha, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ọmọ tiwa ń sọ. Àwa náà kò pe ọmọ náà ní òpùrọ́, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ hàdíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Wa'il ọmọ Hujr. Obìnrin kan jáde lọ kírun ní ayé Ànábì, ọkùnrin kan dì í mú lójú ọ̀nà, ó sì fi ipá bá a lò. Ó kígbe, ọkùnrin náà sá lọ. Ẹlòmíràn ń kọjá, obìnrin náà nawọ́ sí i pé òun nìyí. Àwọn ènìyàn mú un, wọ́n mú un dé iwájú Ànábì, ó sì kù díẹ̀ kí ìyà dé bá a, nígbà tí ẹni tí ó ṣe é gan-an dìde láàárín èrò tí ó sì jẹ́wọ́. Obìnrin náà kò purọ́ pé wọ́n ṣe òun ní aburú. Wọ́n ṣe é ní aburú ní tòótọ́. Ẹni tí ó nawọ́ sí nìkan ni ó ṣì. Bẹ́ẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ti lè pe ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ní irọ́, ọ̀dájú ni. Ohun méjì ni ìwọ̀nyí: pé ìwà búburú ṣẹlẹ̀, àti pé ẹni báyìí ni ó hù ú. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti so méjèèjì pọ̀. Nítorí èyí ni Ànábì fi fi ẹ̀rí lé ẹni tí ó fẹ̀sùn kanni lọ́wọ́, tí ó sì kọ́ Ali, nígbà tí ó ń rán an lọ sí Yẹ́mẹ́nì láti lọ dájọ́, pé kí ó má ṣe dájọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ títí yóò fi gbọ́ ti ẹnì kejì. Àwọn baba wa náà mọ èyí kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Òfin ilẹ̀ yìí kò yàtọ̀ sí èyí. Abala 36 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ karùn-ún, ka ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìjẹ̀bi títí a ó fi fìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Ní ti Ìpínlẹ̀ Èkó tiwa, òfin ìṣàkóso ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n tún un ṣe ní 2011. Ní ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí àtúnṣe tí ó fi abala 9A kún un, abala yìí sì ní kí àwọn ọlọ́pàá jáwọ́ nínú kíkó afurasí síta fún àwọn akọ̀ròyìn. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní kí àwọn ènìyàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, àwọn mìíràn láìwọ ẹ̀wù, wọ́n á to ìbọn àti àdá síwájú wọn, wọ́n á gbé ẹ̀rọ sí wọn lẹ́nu pé kí wọ́n jẹ́wọ́, àwa náà á jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, a ó sì máa ṣépè fún wọn. Mélòó nínú wa ni ó bèèrè lẹ́yìn náà ohun tí adájọ́ sọ? Ilé-ẹjọ́ ECOWAS tí ó wà ní Àbújá ti sọ ọ́ ní ọdún 2009, nínú ẹjọ́ tí àwọn kan pe ìjọba Nàìjíríà, pé gbígbé ẹni tí adájọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi síwájú àwọn akọ̀ròyìn tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Síbẹ̀ àṣà náà kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Ọlọ́pàá sì ni abala 9A dè. Kò dárúkọ ẹ̀rọ mọ́sáláṣí, kò sì dárúkọ ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Àwa ni ó yẹ kí a de ara wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé orúkọ tí a pariwo kò lè pa ènìyàn, kí ó rántí Ìkòròdú. Ọ̀nà kò jìn, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Máìlì 12 yóò débẹ̀. Ní ọdún 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọ ilé onílé ní òru, wọ́n ń pa bàbá, wọ́n ń pa ìyá, wọ́n ń pa ọmọ lórí ibùsùn. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn, ẹ̀rù náà sì tọ́. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ẹni tí a kò bá ti mọ̀ ládùúgbò, kí wọ́n ti pè é ní Badoo ni ó kù. Ní oṣù keje ọdún 2017, aláwàdà kan lọ síbẹ̀ lọ ṣeré fún àwọn ènìyàn, kí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí wọ́n sì sanwó fún un. Àwọn èrò dá òun àti àwọn méjì mìíràn dúró, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn, tí ẹnìkan sọ tí àwọn ìyókù gbà, ni ìgbẹ́jọ́ tiwọn, òun náà sì ni ìdájọ́. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n nígbà tí òtítọ́ yóò fi dé Ìkòròdú, eérú ni ó bá nílẹ̀.

Lórí fóònù ni ti ìsinsìnyí ti ń yára jù. Ní òpin ọdún 2021, ọmọ ọdún 12 kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lẹ́kkí kú, àwọn òbí rẹ̀ sì ké gbàjarè bí òbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣe gbọdọ̀ ké. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, orúkọ àti àwòrán àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti dé ọwọ́ àwọn ènìyàn tí kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà rí. Ọmọdé ni àwọn náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọ́fíìsì tí ń rí sí ìpẹ̀jọ́ ọ̀daràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó wo ìwé ẹjọ́ náà, ó sì sọ pé òun kò rí ẹ̀rí tí a lè fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn àwòrán náà kò kúrò lórí fóònù. Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá kò bọ́ nínú èyí. Ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí ọdún 2010, wọ́n mú olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì nítorí pé ayálégbé rẹ̀ kú, àwọn ìwé ìròyìn sì fi irun orí rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ó burú. Ẹlòmíràn ni ó pa obìnrin náà. Ìwé ìròyìn mẹ́jọ ni ó san owó ìtanràn fún olùkọ́ náà ní 2011. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ọlọ́pàá ṣì ń wádìí, tí wọn kò tíì pè lẹ́jọ́, ní ẹ̀tọ́ kí orúkọ rẹ̀ wà ní ìpamọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó mú ìwé náà wá kò rò. Agbóyì kò tóbi. Bí a bá dárúkọ ọkùnrin náà lórí ẹ̀rọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ènìyàn yóò ti ṣírò ilé tí ó ń lọ, yóò sì mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Orúkọ ọmọ náà ni a ìbá kéde. Ọmọ yẹn yóò dàgbà ní ìlú yìí, yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí, ó sì lè jẹ́ ní ìlú yìí náà ni yóò ti wọ ilé ọkọ.

Ẹ jókòó díẹ̀, kí a tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá ẹni tí Ó rán ní ìkẹ́ fún gbogbo ẹ̀dá.

Ẹ̀yin ará, a kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ta kò wá. Ó wà, ó sì wúwo. Àwọn kan ní bí a bá dárúkọ ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn tí ó ti ṣe ní aburú rí yóò jáde wá sọ tẹnu wọn. Òótọ́ ni, ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ibi púpọ̀. Àwọn kan ní ìdákẹ́ àwa aṣáájú ẹ̀sìn ni àwọn oníwà ìbàjẹ́ fi ń bora. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Àwọn mọ́sáláṣí wà, àwọn ilé kéwú wà, tí wọ́n ti pe òbí sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ní kí ó fi í fún Ọlọ́hun, kí orúkọ àlùfáà má baà bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi hàdíìsì tí ó ní kí a bo àṣírí Mùsùlùmí gbe irú èyí lẹ́sẹ̀ kò lóye hàdíìsì náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀ ni a ní kí a bò. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí a fi ipá gbà kò sí lábẹ́ aṣọ yẹn. Nínú Súúrà An-Nisa, ní áyà 148, Ọlọ́hun ṣàlàyé pé Òun kò fẹ́ kí a máa pariwo ọ̀rọ̀ búburú síta, Ó sì yọ ẹni tí a ṣe àbòsí fún sọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ìyá ọmọ náà bá sunkún ní gbangba, tí ó sì sọ ohun tí ó ṣe é, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹkún rẹ̀ kò dàbí ariwo àwa tí a kò sí níbẹ̀, tí a kò rí i, tí a kàn ń fi fóònù tari rẹ̀ síwájú.

Imam Nawawi, nínú ìwé rẹ̀ Riyad as-Salihin, ka ipò mẹ́fà tí a ti lè sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn rẹ̀ láìṣẹ̀. Fífi ẹjọ́ sun aláṣẹ wà nínú wọn, kíkìlọ̀ fún ẹni tí ewu lè dé bá sì wà nínú wọn. Ìyẹn ni a tẹ̀ lé. A ti lọ bá àwọn tí ó ni ibi tí ọkùnrin náà ti ń bá àwọn ọmọdé ṣe iṣẹ́, a sọ fún wọn, wọ́n sì ti ní kí ó dúró sílé títí ẹjọ́ yóò fi parí. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń dé ibẹ̀, a ti rán ènìyàn sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ òrùlé tiwọn. A kò sọ fún wọn pé ó jẹ̀bi. A sọ pé ẹ̀sùn wà, àti pé kí wọ́n bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá tún ní nǹkan láti sọ, kí ó lọ bá Ìyá Àdínì, ẹni tí yóò bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DSVA. Bí ó bá jẹ́ òru ni, tí ọ̀rọ̀ sì kánjú, ẹ pe 112 tàbí 767. Ọmọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe fọ aṣọ rẹ̀; ilé-ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tòótọ́ ni ó ti ṣòfò nítorí omi ìwẹ̀ kan.

Èyí tí a kò ní ìdáhùn tí ó lè tẹ́ yín lọ́rùn sí ni ti ìpẹ́ ẹjọ́. Ẹjọ́ ń pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ó lé ní ìdajì àwọn tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ẹni tí ó jẹ̀bi ń fi ìpẹ́ náà sinmi, ẹni tí kò jẹ̀bi ń fi í ṣègbé, ọmọ tí ó yẹ kí ó wá jẹ́rìí sì ń dàgbà, ó ń gbàgbé. A kò mọ ọ̀nà tí ẹ̀rọ mọ́sáláṣí lè gbà tún èyí ṣe. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a má ṣe fi àwọn òbí náà sílẹ̀ láti máa dá nìkan lọ. A ti yan àwọn mẹ́ta tí yóò máa bá wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Ọkọ̀ ojú omi àti mọ́tò náà ń gba owó. Àpótí wà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ilé-ẹjọ́ kì í ṣe kọ̀rọ̀. Òfin ní kí a máa gbẹ́jọ́ ní gbangba, nítorí náà bí wọ́n bá gbé ọkùnrin náà síwájú adájọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ jókòó kí ó gbọ́, àyàfi bí adájọ́ bá ní kí àwọn èrò jáde nítorí ọmọdé. Ẹni tí ó bá lọ, kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ: pé wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, àti ohun tí òun náà fi dáhùn. Bí adájọ́ bá dá a lẹ́bi, ẹ mú ìwé ìdájọ́ wá, a ó kà á lórí ẹ̀rọ yìí kan náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí. Bí adájọ́ bá dá a sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ kí a sọ ọ́, a ó sọ ìyẹn náà, lẹ́yìn Àsùbáà àti lẹ́yìn Jímọ̀, nítorí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé àwọn tí ó ń gbọ́ ti àárọ̀ kọ́ ni ó ń gbọ́ ti ọ̀sán. Ẹni tí àwòrán ọkùnrin náà bá wà lórí fóònù rẹ̀ ní ìsinsìnyí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó pa á rẹ́ kí ó tó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí ni ó kà á sí, kí ó gbé fóònù náà tọ ọlọ́pàá tí ń wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ìwọ Ọlọ́hun, wo ọmọ náà sàn ní ara àti ní ọkàn, kí O sì fi oorun àlàáfíà padà sí ojú rẹ̀. Fún àwọn òbí rẹ̀ ní agbára láti rin ọ̀nà tí ó jìn yìí. Jẹ́ kí òtítọ́ dé iwájú adájọ́ kí ó tó rẹ ẹlẹ́rìí. Bí ọkùnrin náà bá ṣe é, má ṣe jẹ́ kí ó rí ẹni bò ó. Bí kò bá ṣe é, fi ohun tí ó hàn kedere yọ ọ́, bí O ti yọ Ànábì Yusuf tí ó kọ̀ láti jáde kúrò lẹ́wọ̀n títí wọ́n fi wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Foríjì wá ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí a dárúkọ ní ọjọ́sí, kí O sì jẹ́ kí ó padà wá sí ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ to ẹsẹ̀ yín gún régé, kí a kírun.